Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lábẹ́ Kọ́là

"Nínú ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, wá ọ̀kan tó bàjẹ́ fún mi," ni máníjà iléeṣẹ́ aránṣọ kan wí, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì búlúù lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́.

"Bí kò bá sí èyí tó bàjẹ́ ńkọ́, sà?"

"Ẹni tó bá wá nǹkan á rí i." Ó rẹ́rìn-ín. "Tí ìsinmi bá parí, èmi ni màá san owó ìdánwò rẹ."

Ojú Àwòdì ni àwọn aránṣọ iléeṣẹ́ náà ń pe ọmọbìnrin náà, torí kò sí fọ́nrán òwú tó yẹ̀ tí kì í rí. Iṣẹ́ àsìkò ìsinmi iléèwé ló wá ṣe. Màmá rẹ̀ wà níbẹ̀, nídìí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé láti ìgbà tó ti ń pọ̀n ọ́n. Iye ṣẹ́ẹ̀tì tí èèyàn bá rán ni wọ́n ń sanwó lé. Èyí tí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí lábẹ́ kọ́là ti di òfò fún ẹni tó rán an nìyẹn.

Owó ìdánwò di ọmọ náà lẹ́nu, ó ń sàmì. Nígbà tó kan ṣẹ́ẹ̀tì màmá rẹ̀, ó sàmì síyẹn náà, kí wọ́n má baà ní ó ń ṣojúsàájú. Màmá ò bínú. "Bóyá ojú mi ti ń ṣú," ló sọ, ó sì fa àga sún mọ́ fèrèsé. Ìyẹn gan-an ló dun ọmọ náà jù.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí iléèwé wọlé, màmá ra ṣẹ́ẹ̀tì fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀bù iléeṣẹ́ náà. Wọn ò dín owó fún un rárá. Bí Ojú Àwòdì ṣe ń bá àbúrò rẹ̀ tún kọ́là ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì nu ibẹ̀, àmọ́ ṣọ́ọ̀kì búlúù ṣì hàn fírífírí. Àmì ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.

Màmá gba aṣọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Èmi ni mo rán èyí. Wọn ò sanwó ẹ̀ fún mi, èmi náà ni mo tún wá fowó rà á."

"Màámi, èmi ni mo sàmì sí i. Kò bàjẹ́. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn."

Màmá gbé kọ́là náà sún mọ́ ojú. "Ojú mi ò ṣú nìyẹn, àbí?"

"Ojú yín ò ṣú, Màámi." Ẹkún gbé e.

"Nu ojú rẹ. Ẹkún kọ́ la máa gbé lọ síbẹ̀ lọ́la."

Ní ọjọ́ kejì, máníjà dé ìdí tábìlì, kò rí àmì kankan. "Èyí tó bàjẹ́ dà?"

"Kò sí, sà."

"Ṣé o ò fẹ́ ṣèdánwò mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ṣe é, sà. Àmọ́ mi ò ní fi owó àwọn ìyá mi ṣe é."

Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì àbúrò rẹ̀ jáde, ó ká kọ́là rẹ̀ sókè kí gbogbo aránṣọ lè rí i. Lẹ́yìn náà ó na àlùmọ́gàjí sí máníjà. "Ẹ̀yin lẹ ní èyí tí a bá sàmì sí ti bàjẹ́. Ẹ gé e, sà. Ẹ gé gbogbo èyí tí a ti sàmì sí tí ẹ kó pa mọ́ sí yàrá ẹ̀yìn lójú wa, a ò ní bèèrè owó wọn mọ́."

Máníjà wo àlùmọ́gàjí náà, kò gbà á. Ta ni yóò gé ọjà tó fẹ́ tà? Ẹ̀rọ kan dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti màmá ni. Òmíràn dákẹ́, òmíràn tún dákẹ́, títí gbogbo ilé fi pa lọ́lọ́.

"Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́," ni máníjà wí.

"Ṣebí àmì ṣọ́ọ̀kì yín ló ní ojú wa ti ṣú, sà," ni aránṣọ àgbà kan dá a lóhùn. "À ń sinmi ẹ̀ ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, máníjà san owó gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti sàmì sí. Láti ọjọ́ náà, èyí tó bá bàjẹ́ lóòótọ́, ojú ẹni tó rán an ni wọ́n ti ń gé e. Wọ́n lé Ojú Àwòdì kúrò níbi iṣẹ́, àwọn aránṣọ kan ò sì dá a lóhùn fúngbà díẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó gbà pé ó tọ́ sí òun.

Ó ṣèdánwò. Inú owó tí wọ́n san fún màmá rẹ̀ ni owó ìdánwò ti jáde, owó tó yẹ kó ti wà nílé tipẹ́. Owó ìyá rẹ̀ ni máníjà fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ tí wọn ò sanwó rẹ̀ kò wo ìṣẹ́ ẹnì kankan sàn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá gbà kí wọ́n fi òun ja ẹlòmíràn lólè, kó má yà á lẹ́nu bó bá bá ẹrù ilé rẹ̀ lọ́wọ́ olè.