Ọwọ́ Òsì Nínú Àpò

Gìtá mẹ́fà ló so kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ orin ṣe láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kò sì sí wáyà iná lára ìkankan nínú wọn. Bí ọkùnrin náà ṣe ti ilẹ̀kùn wọlé, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí oyin inú ihò igi. Mo ní bóyá ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kọjá. Mo yọjú wo títì, kò sí ọkọ̀ kankan.

Áńpù ló gbé lọ́wọ́ ọ̀tún, irú ẹ̀rọ àtijọ́ onígílóòbù tí àwọn onígìtá fi ń gbé ohùn sókè. Ọwọ́ méjèèjì ni èmi fi máa ń gbé irú ẹ̀, màá sì tún máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọwọ́ kan ni òun fi gbé e. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò kóòtù.

Èyí pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ tọwọ́ bọ inú áńpù tí iná wà lára rẹ̀ á kọ́kọ́ ki ọwọ́ òsì bọ àpò, kí iná má baà gba ọwọ́ kan wọlé, kó la àyà kọjá, kó sì bá ọwọ́ kejì jáde. Olóògbé Otha Pickens, ọ̀gá mi, na ìka mi títí ó fi mọ́ mi lára. Àmọ́ inú ṣọ́ọ̀bù la ti ń ṣe é, a kì í gbé e kiri ìgboro.

"Àbúrò, káńtà mi kì í gbé èèyàn o," mo ní. "Mú ọwọ́ jáde, jàre."

"Ó ti mọ́ mi lára, Verlene."

Verlene lásán, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ yìí ò lè ju ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, èmi sì ti lé ní márùndínláàádọ́ta. Mo fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n òórùn kan ti ara rẹ̀ wá, òórùn irun tó jóná àti aṣọ tútù, ọ̀rọ̀ sì pa rẹ́ lẹ́nu mi.

"Ọmọ mi fẹ́ lò ó ní Sọ́ńdè," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìrìbọmi ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbẹ́ omi ló máa dúró sí. Má jẹ́ kó lò ó báyìí, Verlene. Wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

Mo bi í lórúkọ, ó ní Cleotis Rucker. Mo tẹ orí ba, mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ áńpù. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan níwájú mi. Agogo ẹnu ọ̀nà ò dún, àwọn gìtá sì ti dákẹ́. Ìgbà yẹn ló tó sọ sí mi lọ́kàn pé ọmọ wo ni ọmọdékùnrin yẹn bí, tó ti dàgbà tó láti máa ta gìtá ní ìjọ?

Mo tú ẹ̀yìn áńpù. Aláǹtakùn ti ta òwú bo inú rẹ̀, òwú náà ò sì já níbì kankan. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹ̀rọ yìí ti rí iná kẹ́yìn. Síbẹ̀ n kò fọwọ́ kàn án, torí pé àwọn agolo kan wà nínú áńpù tó máa ń tọ́jú iná pamọ́, wọ́n sì lè pa èèyàn lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná wò wọ́n, ó ka irínwó fóòtì.

Irínwó, nínú agolo tó yẹ kó ti ṣófo láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi wáyà fa iná náà dànù títí mítà fi ka òfo. Mo nu awò ojú mi. Àwọn gìtá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, nígbà tí mo sì wo mítà, ó ti padà sí irínwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á dànù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà. Agolo máa ń rántí díẹ̀ nínú iná tó ti gbé rí, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Kì í rántí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́.

Ni mo bá fa wáyà rẹ̀ jáde, mo yí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gé náà ní àmì kékeré kan, bí ibi tí eku fi eyín kàn. Pílásì mi ti kán léyín láti ọdún tí mo rà á, àmì yẹn náà ló sì máa ń fi sára gbogbo ohun tó bá gé.

Ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn ni. Ọ̀gá mi wà nílé ìwòsàn, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré gbé áńpù dé, ó ní ó ń kùn ní ìjọ, pásítọ̀ sì ń bínú. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló ń kó iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Bí a bá gé e, kíkùn máa ń dákẹ́, ìdajì àwọn onígìtá ìlú wa ní Mississippi ló sì ń gé e. Mo gé e. Ó dákẹ́. Ọmọkùnrin náà yìn mí, ó lọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé onígìtá kan ṣubú kú ní ìjọ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ òwú, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. N kò bèèrè orúkọ. Mo gbà pé ọkàn ni, nítorí pé gbígbà bẹ́ẹ̀ tù mí lára.

Mo yọ gbogbo agolo àtijọ́ náà, mo fi tuntun rọ́pò wọn. Mo fi wáyà tuntun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo sì fi léèdì jó wáyà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin ara áńpù gbagidi. Bí léèdì náà ṣe gan, àwọn gìtá dákẹ́.

Ní aago méjì ọ̀sán, obìnrin ẹgbẹ́ mi kan wọlé pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan.

"Ẹ káàsán, mà," ọmọ náà ní. "Áńpù bàbá mi ló pòórá nílé wa láàárọ̀ yìí. A ní ká wá wò ó bóyá olè gbé e wá síbí." Ó rí i lórí tábìlì. "Mọ́mì, òun nìyẹn."

"Kì í ṣe olè ló gbé e wá," mo ní. "Cleotis Rucker ni."

Obìnrin náà di káńtà mú. "Arábìnrin mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ mi ni Cleotis. Inú oyún ni Tavis yìí wà nígbà tó kú."

Mo sọ bí kóòtù rẹ̀ ṣe rí. Mo sọ̀rọ̀ ọwọ́ tó wà nínú àpò.

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ́ ẹ sínú pósí," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ń ta gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ìrìbọmi, ó fẹnu kan gbohùngbohùn, ó sì ṣubú. Àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ jóná. Okùn gìtá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn níbẹ̀ ketekete. Èmi ni mo ní kí wọ́n ki ọwọ́ náà bọ àpò, kí ìyá rẹ̀ má baà rí i."

Tavis ń wo áńpù náà. "Ṣé mo ṣì lè lò ó ní Sọ́ńdè, mà?"

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Mo ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri. Àwọn gílóòbù pọ́n díẹ̀díẹ̀. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú mítà, mo sì ki ọwọ́ òsì bọ àpò bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ìka mi kan irin kékeré kan nínú àpò náà, kò ju oríkèé ìka lọ, ó sì gbóná. Mo fi ìka wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí àmì eyín pílásì mi: ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tí mo gé nìyẹn.

Mo so gìtá kan àti gbohùngbohùn kan mọ́ áńpù, mo sì fi mítà wọn àárín okùn gìtá àti gbohùngbohùn, bóyá iná wà níbẹ̀. Òfo. Mo tún un wọ̀n, òfo ni. Tavis di okùn náà mú, ó fẹnu kan gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi?" Ohùn rẹ̀ jáde ketekete, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan fún yín?" ó bi mí. "Ṣé ó ń bínú sí ẹnì kan?"

Irin náà ń gbóná sí i nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo lè sọ pé rárá, kò sì sí ẹnì kan láyé tó máa já mi nírọ́.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Mo mú ọwọ́ òsì mi jáde, mo sì là á níwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó, arábìnrin mi," mo ní. "Èmi ni mo gé e."