Nọ́mbà Tí Jìbírílù Yí Padà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1986, Jìbírílù Ọládòṣù gbéra nílé rẹ̀ nílùú Aurora l'Amẹ́ríkà, ó ń lọ síbi iṣẹ́ tó mọ̀ bí ẹni mowó. Sàláhúdéènì, àbúrò Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀, ló jókòó tì í nínú ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan náà làwọn méjèèjì wà: Sàláhúdéènì ń tún páǹpù ṣe, Jìbírílù ń yẹ ọ̀pá irin tí yuréníọ̀mù wà nínú rẹ̀ wò.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa ń lo ọ̀pá bẹ́ẹ̀ nínú ríàkítọ̀, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ooru yuréníọ̀mù pèsè iná. Ilé-iṣẹ́ wá ń dán an wò bóyá ó lè tó ọdún márùn-ún. Kí wọ́n tó dá ọ̀pá kankan padà sínú ríàkítọ̀, Jìbírílù gbọ́dọ̀ wọn ìpẹtà ara rẹ̀ lábẹ́ omi. Lọ́jọ́ náà, ti ọ̀pá mẹ́ta kọjá òdiwọ̀n.

Ó lọ bá Mùsílíù Adéògún, ọ̀gá tó bá a wáṣẹ́ náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ìpẹtà ti jẹ mẹ́ta yìí. Bí wọ́n bá bẹ́, májèlé inú wọn á tú sínú omi tó ń gba inú páǹpù kọjá.”

Mùsílíù ò gbójú sókè. “Ẹ̀rọ tó o fi wọ̀n ọ́n yẹn máa ń ṣìṣe. Ọ̀la la fẹ́ tan ríàkítọ̀. Kọ nọ́mbà tàwọn tó kù sí i, kó o sign.”

“Ẹ jẹ́ kí n tún wọn wọ̀n, sà.”

“Ta ló bá ẹ wá job yìí, Jìbírílù?”

Jìbírílù mú bírò. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ ò rí, ó buwọ́ lù ú.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, méjì nínú ọ̀pá náà bẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì tíì mọ̀. Wọ́n pa ríàkítọ̀ láti tún páǹpù kan ṣe, wọ́n ní kí Sàláhúdéènì lọ tú u. Nítorí pé ìwé ní ọ̀pá gbogbo dára, ẹnikẹ́ni ò fún un ní ìbòmú. Bó ṣe fẹ́ jáde, ẹ̀rọ tó ń wá májèlé lára èèyàn lẹ́nu ọ̀nà han gooro. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ohun tó ti fà símú ò ṣeé wẹ̀.

Dókítà ní ó lè má ṣe é ní nǹkan kan, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún. Sàláhúdéènì dá ìgbéyàwó òun àti Kàfáyàtù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró.

“Èmi ni mo sign ìwé pé ọ̀pá wọ̀nyẹn dáa,” ni Jìbírílù wí fún ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ mọ̀ pé kò dáa?”

“Mo mọ̀.”

“Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gbé ọmọ ìyá mi sínú ọkọ̀. Ẹ sì mọ̀.” Ó kó ẹrù, ó mú àbúrò rẹ̀ lọ sílùú Homewood.

Jìbírílù jẹ́wọ́ fáwọn aṣèwádìí ìjọba. Mùsílíù sẹ́ kanlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò sí nínú ìwé. Jìbírílù nìkan ló ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó jáde, Sàláhúdéènì ò gbé fóònù rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ nǹkan wò fún aráyé, ìbáà ṣe mọ́tò, oògùn tàbí ríàkítọ̀, ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ kọ. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ yí i, ẹ ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà òótọ́ pamọ́, kí ẹ sì tètè sọ fún ìjọba. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ irọ́ kì í bá ni dé kóòtù.