Awọ Àga Ọkọ̀ Pupa

"Ọkọ̀ tó rẹwà tó báyìí, inú rẹ̀ wá rí wúruwùru bí ilé adìyẹ!"

Kámẹ́rà ló sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níléèwé nìyẹn, torí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti orí bọ fèrèsé ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì kan, ó ń ya fídíò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin gíga tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Tín-ín-rín, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá Tín-ín-rín ló ni ọkọ̀ náà. Mekáníìkì ni. Àlòkù tí ẹnikẹ́ni ò yà sí ni ọkọ̀ ọ̀hún, ọdún mẹ́fà gbáko ni òun àti ìyàwó rẹ̀ sì fi tún un ṣe. Bàbá tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa. Ìyá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ rírán awọ àga, ló bo àwọn àga inú rẹ̀. Ìyá ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Awọ àga awakọ̀ sì ti ń bó, ojú ìrán rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ìgbín.

"Ọjọ́ Ẹtì la máa ya fọ́tò ìjáde-ìwé o," Kámẹ́rà tún sọ. "Ṣé inú kiní yìí lo ti máa bọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn? Tún un ṣe! Ṣebí o mọ nǹkan rán. Wo fídíò, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Bàbá ò sí nílé. Ó lọ tún ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣe nílùú mìíràn, ó di Ọjọ́rú kó tó dé. Kó tó lọ, ó ṣèlérí pé òun máa fi ọkọ̀ náà gbé e lọ síléèwé lọ́jọ́ Ẹtì, ó wá ní, "Ọmọ mi, fọ ìta ọkọ̀ yìí bó bá ṣe wù ẹ́, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan inú ẹ̀." Kò sọ ìdí. Tín-ín-rín náà ò béèrè.

Lọ́jọ́ Ajé, bó ṣe dé láti iléèwé, ó mú sípánà. Ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó wà lábẹ́ àga kọ̀ọ̀kan, ó gbé àwọn àga náà síta, ó fi abẹ la awọ ara wọn láti òkè délẹ̀, ó rọ́ ọ sínú àpò ìdọ̀tí. Ó gé awọ dúdú tó kù nínú yàrá ìyá rẹ̀, ó fi okùn pupa rán an lórí maṣíìnì ìyá rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù, ó sì dá àwọn àga padà sínú ọkọ̀. Ó lẹ rọ́bà dídán mọ́ dáṣíbọọ̀dù, ó ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ fẹ́ ẹ títí gbogbo ibi tó hunjọ fi tẹ́jú. Ó wé awọ mọ́ sítíárìn. Ó fa ìlà funfun méjì sára ìta, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọkọ̀ akólẹ̀ gbé àpò ìdọ̀tí lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá dé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá mi! Ẹ wá wo nǹkan!"

Bàbá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fọwọ́ tọ ojú ìrán àga awakọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Iṣẹ́ ẹ gún régé," ó ní. "Ọwọ́ ẹ jọ ọwọ́ ìyá ẹ, nígbà tí ara ẹ̀ ṣì le." Ó wo ilẹ̀ yíká. "Awọ ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kó o lọ láàárọ̀ yìí, Bàbá mi. Ó ti gbó, ó sì wọ́..."

Bàbá rọra jókòó sórí sìmẹ́ńtì.

"Àga yẹn ni ìyá ẹ rán gbẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lo wà nígbà yẹn. Àìsàn ti mú kí ọwọ́ ẹ̀ máa gbọ̀n, kò lè lo maṣíìnì mọ́, ló bá ní ọwọ́ lòun máa fi rán an. Èmi ni mò ń bá a ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀.' Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló kú." Ó nu ojú rẹ̀. "Tí n bá ti jókòó síbẹ̀, mo máa ń fọwọ́ pa á."

"Ẹ ò sọ fún mi!" Tín-ín-rín bú sẹ́kún.

"Mi ò lè sọ ọ́ kí n má sunkún. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní kó o má fọwọ́ kàn án."

Ọmọ náà sáré lọ síbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Katakata ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bo ìdọ̀tí ọjọ́ náà. "Ọmọ mi, tàárọ̀ ti wọlẹ̀," ni ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wí. Kò gbọ́. Ọwọ́ lásán ló fi ń wa ilẹ̀, títí ọ̀gbẹ́ni náà fi fà á dìde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá fi ọkọ̀ náà gbé e lọ síléèwé bó ṣe ṣèlérí. Níbi iná ojú pópó, Tín-ín-rín rí ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sétí àga, bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ náà kan ìrán tó gún régé, ó sì padà sórí sítíárìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Kámẹ́rà ń pariwo, "Ọkọ̀ ti di tuntun!" Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, ojú Tín-ín-rín pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Bàbá ò nà án, kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dun ọmọ náà jù. Omi tó ti dànù kò ṣeé kó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó gbó lójú wa lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí àgbà bá ní ká má fọwọ́ kan nǹkan, tí kò sì sọ ìdí, ká sún mọ́ ọn, ká béèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá gba awọ àga yẹn là.