Àwọn Tó Jáde Láàyè

“Tún ibẹ̀ yẹn kà.”

Àràmídé gbójú sókè kúrò nínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà, tí gbogbo àdúgbò wọn ní Èrúwà mọ̀ sí Bàbá Ẹnúgu, ti dá ọwọ́ dúró lórí èèkù ọkọ́ tí ó ń gbẹ́. Ó ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò gba etí ara rẹ̀ gbọ́.

“Ibo ni, Bàbá?”

“Ibi tí o ti ní ilẹ̀ ya lu àwọn ènìyàn.”

Inú Àràmídé dùn. Ibẹ̀ gan-an ni òun náà fẹ́ràn jù. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á: “‘Ní ọdún 1978, òrùlé kòtò èédú kan ya lulẹ̀ ní ẹ̀bá Ẹnúgu. Ogójì òṣìṣẹ́ ni ó wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹyọ ẹnì kan kò jáde láàyè nínú wọn. Títí di òní ni ẹkún àwọn opó wọn ń dún lórí òkè.’”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí Ìyáàfin Adélékè, olùkọ́ Jọ́gíráfì wọn, fi etí gèlè nu ojú níwájú gbogbo kíláàsì. Òun náà ni ó jẹ́ kí wọ́n yan Àràmídé, ọmọ SS2 tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aṣàríyànjiyàn wọn, ṣíwájú àwọn ọmọ SS3, láti lọ dúró fún ilé ìwé wọn níbi ìdíje àwọn ilé ìwé girama Ìbàràpá. Ọjọ́bọ̀ ni ìdíje, Ọjọ́ Ajé sì ni wọ́n wà yìí. Àkòrí ọ̀rọ̀ náà ni “Àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀ káàkiri àgbáyé.”

Bàbá Ẹnúgu gbé èèkù ọkọ́ sílẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́,” ni ó wí. Oríkì rẹ̀ ni ó pè é. “Kòtò kan ṣoṣo ni òrùlé rẹ̀ ya lọ́dọ̀ wa lọ́dún yẹn. Inú rẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ṣé òkú ni mí?”

Àràmídé tún wo ojú ìwé náà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò.

“Ẹ ti pa wá tán lórí ìwé.”

Lóòótọ́, Àràmídé mọ̀ pé Ẹnúgu ni bàbá ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó ṣe tán, inú orúkọ tí wọ́n ń pè é ló wà. Ṣùgbọ́n kò bi í léèrè rí irú iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, àgbẹ̀ ni bàbá. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí lójú ọ̀nà Lanlate, ó sì ní àwọn àpá kan níwájú orí àti lẹ́yìn tí àwọ̀ wọn dà bí aró. Ó parí síbẹ̀.

Ní ti ìwé tí ó ń kà, òun kọ́ ni ó kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ fún wọn ní àkòrí, ẹ̀rù bà á. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tèmilọlá bá fa fóònù yọ nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé ìwé. “Kí lo ń da ara rẹ láàmú sí? Èyí á kọ ọ́ fún ẹ kí o tó ṣẹ́jú.” Ó tẹ ìbéèrè sí ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù náà, ó sì fi kún un pé kí ọ̀rọ̀ náà pa àwọn ènìyàn lẹ́kún. Òótọ́ ni, kí ó tó ṣẹ́jú, ìwé ti dé. Àràmídé fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lórí. Nígbà tí Ìyáàfin Adélékè sì bi í pé, “Ṣé ìwọ lo kọ gbogbo èyí?” ó dáhùn wàrà pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Jókòó,” ni Bàbá Ẹnúgu wí. Àràmídé jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, wọ́n ń wá àwọn tó mọ̀ nípa igi ní Ẹnúgu, mo sì bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ reluwé lọ. Èmi kì í wa èédú. Èmi ni mò ń fi igi gbé ilẹ̀ dúró lórí àwọn tó ń wà á. Irin le ju igi lọ, ṣùgbọ́n irin kì í sọ̀rọ̀. Igi ní tirẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń wúwo jù lé e lórí, á máa ké kẹ́, kẹ́, kẹ́, kí ó tó ṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á sá.”

“Ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà?”

“Mo gbọ́ ọ. Mo ké sí ọ̀gá wa, Ugwu, ọmọ Ígbò ni. Ugwu kígbe, gbogbo ènìyàn sì bẹ́ sí eré. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta wà ní ìkangun kòtò tí wọn kò gbọ́. Èmi àti Ugwu padà. A ń ki igi bọ abẹ́ ilẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ya, òkúta ń já lù wá, títí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kọjá.” Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. “Ojú ọgbẹ́ ni eruku èédú gbà wọlé, awọ ara sì pa dé mọ́ ọn. Nígbà tí a dé ẹnu kòtò, Ugwu kà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ogójì wọlé, ogójì jáde. Àwọn obìnrin tó ti ká ọwọ́ lérí wá, ijó ni wọ́n jó padà sílé.”

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

“Mi ò ní iṣẹ́ náà kì í pa ènìyàn o. Ó pa àwọn kan lójú mi, mo mọ orúkọ wọn. Bí o bá fẹ́ sunkún, sunkún àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n má ṣe pa ẹni tí kò kú.”

“Bàbá, kí ni kí n wá ṣe?”

“N kò ní kí o ṣe nǹkan kan. Ẹnu rẹ ni o fẹ́ fi sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, Àràmídé sọ fún Tèmilọlá nílé ìwé. Tèmilọlá pòṣé.

“Ṣé bàbá yín ni yóò ṣe adájọ́ ni? Ta ni yóò mọ̀? Bí o bá yọ ibẹ̀ yẹn kúrò, kí ló kù? Orúkọ ìlú àti orúkọ òkè lásán! Odindi ọdún mẹ́fà ni a ò ti gba ife, ọ̀gá sì ti kéde orúkọ rẹ fún gbogbo ilé ìwé. Má dójú tì wá o.”

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí ó ti ń kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kí i, “Aṣojú wa!” Ó sì dùn mọ́ ọn. Ó rò ó nígbà ẹ̀kọ́ Mátíìsì, ó rò ó nígbà ẹ̀kọ́ Bíọ́lọ́jì, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Bí ó bá ti fẹ́ gbàgbé, á tún rántí bàbá tó ń béèrè pé, ṣé òkú ni mí? Nígbà tí agogo ìsinmi lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí yàrá àwọn olùkọ́.

Ó kúnlẹ̀. “Mà, kì í ṣe èmi ni mo kọ ìwé yẹn.”

Bíírò tó wà lọ́wọ́ Ìyáàfin Adélékè dúró. “Mo bi ọ́ léèrè, Àràmídé.”

“Ẹ bi mí, mà. Irọ́ ni mo pa. Ohun tó sì pa yín lẹ́kún, irọ́ ni òun náà.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, àfi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà kò bínú lójú, èyí sì ni ó dun Àràmídé jù. Ó kàn dà bí ẹni tí ó rẹ̀.

“Ẹ̀dà ìwé náà ti wà lọ́wọ́ àwọn adájọ́. Ogójì máàkì nínú ọgọ́rùn-ún ló wà fún un. Ṣé o mọ̀ pé bí o bá sọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò yọ?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọpẹ́ ni pé ó bá tìrẹ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Dìde, jẹ́ ká lọ rí ọ̀gá.”

Inú ọ̀gá ilé ìwé ru. Ó yọ Àràmídé nípò olórí ẹgbẹ́ aṣàríyànjiyàn fún odindi táàmù kan. Ó fẹ́ fi Bólúwadúró, ọmọ SS3, rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Bólúwadúró ní òun kò lè kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun ní ọjọ́ méjì. Ọ̀gá wá ní kí Àràmídé lọ, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ayé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà àti ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àràmídé jókòó ti bàbá rẹ̀ àgbà pẹ̀lú ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé àti àwọn ìwé Jọ́gíráfì tí olùkọ́ yá a. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọ nǹkan kan tí kò tíì rí nínú ìwé méjì. Ó rí i pé ní Jharia, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, iná ti ń jó èédú lábẹ́ ilẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó kà nípa Aberfan, ní ilẹ̀ Wéésì, níbi tí òkìtì pàǹtí èédú ti ya lu ilé ìwé kan ní ọdún 1966.

“Ọmọ mélòó ló kú?” ni bàbá béèrè.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà, Bàbá, yàtọ̀ sí àwọn àgbà.”

Bàbá Ẹnúgu ṣí fìlà lórí. Kò sí ẹni tí ó ní kí Àràmídé sunkún, omijé bọ́ lójú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ilé ìwé mẹ́fà ni ó pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ní Èrúwà, àwọn kan wá láti Ìgbó-Ọrà, àwọn kan láti Ìdèrè àti Lanlate. Bàbá Ẹnúgu wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí ó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó sí ìlà ìkẹyìn. Nígbà tí wọ́n pe Àràmídé, ó lọ dúró níwájú.

“Ẹ̀yin adájọ́ wa, ìwé tó wà níwájú yín, kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Mo parọ́ fún olùkọ́ mi. Irọ́ sì wà nínú ìwé náà, ó ní ogójì ènìyàn kú, bẹ́ẹ̀ wọn kò kú. Mo tọrọ ìdáríjì.”

Gbọ̀ngàn dàrú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń hó. Olórí àwọn adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ kan lórí ìwé. Àràmídé rí i. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Èédú tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń sun lóko. Igi àtijọ́ ni, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ kí ènìyàn kankan tó wà láyé.” Láti ibẹ̀ ó mú wọn dé Shanxi ní Ṣáínà, ó mú wọn dé Sàìlísíà ní Póláńdì, ó gba orí àwọn òkè Apaláṣíà ní Amẹ́ríkà, ó ya Gúúsù Áfíríkà, kí ó tó já sí Ẹnúgu. Ó sọ ti igi tó ń ké. Ó sọ ti Ugwu àti káfíńtà kan tó padà sínú òkùnkùn nítorí ẹni mẹ́ta.

“Ogójì wọlé, ogójì jáde. Ibi gbogbo láyé tí wọ́n ti ń wa èédú, àwọn ènìyàn bí èyí wà níbẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ wọn ń jẹ́ kí iná mọ̀nàmọ́ná tàn kí reluwé sì rìn, tí a kò sì mọ orúkọ wọn. Èmi mọ ti ọ̀kan. Akínladé ni. Ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Bàbá mi àgbà ni.”

Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Bàbá kọ́kọ́ wo ilẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Lẹ́yìn náà ó rọra dìde, ó dúró ṣánṣán bí ọ̀dọ́mọkùnrin, àtẹ́wọ́ sì gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Wọ́n yọ ogójì máàkì náà kúrò láìku ẹyọ kan. Ilé ìwé kan láti Lanlate ni ó gba ife. Ipò kẹrin ni ilé ìwé Àràmídé wà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọ̀gá ilé ìwé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, Tèmilọlá sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di ọjọ́ mélòó kan kí ó tó tún bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Adélékè gbá Àràmídé mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

“Ọdún kejìdínlógún tí mo ti ń kọ́ni rèé. Ife ti wọ ọ́fíìsì wa rí. Irú ohun tí o ṣe lónìí kò tíì wọ̀ ọ́ rí.”

Níta, àwọn ọmọ ilé ìwé láti Ìdèrè ti yí Bàbá Ẹnúgu ká. Wọ́n ń bi í bí wọ́n ṣe ń mí nísàlẹ̀ ilẹ̀, bóyá eku wà níbẹ̀, èdè wo ni òun àti Ugwu fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Dírẹ́bà wọn fun fèrè títí, kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ọmọbìnrin kan tí kò sí nínú gbọ̀ngàn tẹ́lẹ̀ fọwọ́ kan Àràmídé. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni bàbá yẹn?”

Àràmídé gbé àyà síwájú. “Bàbá mi ni. Ọmọ Akínladé ni mí.”

Ẹ̀yin èwe tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀rọ lè bá wa kọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwa ni a máa dúró ti ọ̀rọ̀ náà. Ìyìn tí a fi irọ́ gbà, inú ẹ̀rù ni a ti ń jẹ ẹ́. Ipò kẹrin tí a fi òtítọ́ dé, a lè gbé orí sókè rìn níbẹ̀. Kí a tó lọ wá ìtàn ayé ká, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé wa léèrè. Wọn kò ní pẹ́ fi yé wa pé ọmọ àwọn ẹni iyì ni wá.