Arọ́pò Fẹ̀hìntọ́lá

Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Fẹ̀hìntọ́lá wà, tí ibà ń mú un gbọ̀n rìrì, nígbà tó rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú òkun.

Kì í ṣe àlá. Inú dígí àfihàn ńlá tó wà lára ògiri ló ti rí i. Aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ewé ni obìnrin náà wọ̀, gèlè rẹ̀ ló wé, àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Obìnrin inú dígí ti ọwọ́ bọ omi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú òwúrọ̀ o. Mo ti dé láti ilé ìwòsàn, ara ti yá. Omi òní tutù bí omi àmù. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire."

Nọ́ọ̀sì tó ń wo ibà rẹ̀ wo dígí, ó wo ibùsùn, ó tún wo dígí.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyẹn?"

Fẹ̀hìntọ́lá na ọwọ́ sí dígí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àtúntẹ̀dó ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí òkun gbé ilẹ̀ àwọn baba ńlá wọn mì, àwọn tó ṣẹ́kù kọ̀, wọn ò sá lọ sórí ilẹ̀. Wọ́n kan pèpéle ńláńlá tó ń léfòó, wọ́n so wọ́n mọ́ra, wọ́n kọ́lé sórí wọn, wọ́n sì ń pẹja lọ bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n òkun ti yíwà padà. Àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀run lè sọ ibi tí atẹ́gùn yóò gbà lọ́la, àmọ́ wọn ò lè rí ìgbì abẹ́, ìyẹn ìgbì tó máa ń sùn sí ìsàlẹ̀ omi, tó sì máa ń dìde lójijì dojú ọkọ̀ dé. Àwọ̀ omi àti òórùn rẹ̀ nìkan ló ń tú u fó: bí omi bá ti pọ́n, tó ń rùn bí irin, ìgbì ń bọ̀ nìyẹn. Bàbá Fẹ̀hìntọ́lá mọ̀ ọ́n wò, ó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin kó tó kú.

Láràárọ̀, Fẹ̀hìntọ́lá a gbé ọkọ̀ jáde, a wo omi, a sì ṣí Gbàgede. Gbàgede ni ibi àfihàn ojú-ẹsẹ̀ tí gbogbo etíkun ń wò: ohun tí ẹnìkan bá ń ṣe níhìn-ín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè máa wò ó níbòmíràn ní ìṣẹ́jú kan náà. Bó bá ní "Ẹ lọ", ọkọ̀ á ṣí. Bó bá ní "Ẹ jókòó", àwọ̀n á wà lórí okùn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é, ọkọ̀ kan kò tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rì.

Rẹ̀mílẹ́kún ló gbé ohun tuntun wá. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n. Ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn kí Rẹ̀mílẹ́kún tó lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí ilẹ̀, tó sì di ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó ń tún Gbàgede ṣe. Ọjọ́ tó dé, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Ó ní Gbàgede ti ní Alábàájókòó: òǹwòran tó bá fẹ́ béèrè nǹkan lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùfihàn bí ẹni pé wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Ó ti ní Àtẹ́wọ́, tí yóò máa dún létí olùfihàn bí inú àwọn òǹwòran bá dùn. Ó sì ti ní Arọ́pò, èyí tó ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀rọ náà yóò wo olùfihàn fún oṣù mẹ́ta, yóò kọ́ ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀, àní bó ṣe ń mí. Ọjọ́ tí ara olóhùn kò bá yá, Arọ́pò yóò jáde dípò rẹ̀.

"Èmi ò fẹ́," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí. "Ta ló ń rán arọ́pò lọ wo òkun?"

"Ta ní kó wo òkun? Kó kàn kí wọn ni. Kó ní ara rẹ ò yá, kí wọ́n jókòó sílé. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa rò pé o ti kú ni?"

"Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọ̀rọ̀ omi o."

"Kò ní kàn án. Fẹ̀hìn, èmi mà ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Bí mo bá dà ọ́, kí ọmú ìyá mi tí mo mu má gbè mí."

Ìbúra yẹn ni Fẹ̀hìntọ́lá gbọ́ tó fi tẹ ìka mọ́ ìwé àdéhùn inú dígí. Oṣù mẹ́ta kọjá kí ibà tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Lórí ibùsùn, lọ́jọ́ kẹta àìsàn náà, ó gbá dígí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú, ó fẹ́ ṣí Gbàgede kó lè ké sí wọn. Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn jẹ́jẹ́: "Fẹ̀hìntọ́lá ti wà lórí àfihàn." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Fẹ̀hìntọ́lá ti wà lórí àfihàn." Ó gba dígí nọ́ọ̀sì, ó wọlé bí òǹwòran lásán, ó kọ ọ́ pé òun ni Fẹ̀hìntọ́lá gan-an, kí ẹnikẹ́ni má lọ. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan dá a lóhùn pé, "Ayédèrú, gbẹ́nu dákẹ́."

Ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Akíndúró, yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin inú dígí, àwọ̀n léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu o. A ò mọ̀ pé ẹ ti dé. Omi yẹn fẹ́ pọ́n lójú mi níbi ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé kí n lọ?"

Fẹ̀hìntọ́lá náà rí i. Lẹ́yìn ejìká Arọ́pò, omi gidi tí ojú ẹ̀rọ ń yà ti pọ́n bí omi agbo.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Máa lọ, Akin ìyá mi. Ṣé èmi lè rán ọ síbi tí kò dára ni?"

Akin ìyá mi! Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Akíndúró rẹ́rìn-ín, ó sì pòórá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fẹ̀hìntọ́lá pè é, ó pè é, kò gbé e. Ó pe Bàbá Ọmọ́jùwà, olórí àwọn apẹja.

"Bàbá, ẹ dá wọn padà! Èmi Fẹ̀hìntọ́lá ni!"

"Fẹ̀hìntọ́lá wo? Ṣebí òun ni mò ń wò lọ́wọ́ báyìí."

"Bàbá, lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, ẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní ọkọ̀ rẹ̀ ti di tèmi, kí n má jẹ́ kí ọkùnrin kankan gbà á lọ́wọ́ mi. Ta ló tún wà níbẹ̀?"

Ẹsẹ̀ bàbá ni Fẹ̀hìntọ́lá gbọ́ lẹ́yìn èyí, ó ń sáré lórí pákó, ó ń ké pé kí wọ́n lu agogo.

Ọkọ̀ mọ́kànlá ló ti ṣí. Agogo dá mẹ́jọ padà. Ìgbì abẹ́ dìde kí oòrùn tó kan àtàrí, mẹ́ta tó kù kò sì padà wálé. Ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú wọn. Akíndúró wà lára wọn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n pe Rẹ̀mílẹ́kún sí gbọ̀ngàn ìlú. Kò sá, ó wá. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

"Ẹ̀yin bàbá mi, Arọ́pò kò mọ irọ́ pa. Ohun tó ń mú òǹwòran dúró ló ń kọ́. Bí Fẹ̀hìntọ́lá bá ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á pa dígí dé. Bó bá ní kí wọ́n lọ, wọ́n á dúró, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Oṣù mẹ́ta ló fi gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn. Ó rò pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun nìyẹn."

"Ìyẹn ni pé ẹ ò fi òkun kọ́ ọ," ni Bàbá Ọmọ́jùwà wí. "Inú dídùn ènìyàn lẹ fi kọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Inú ta ló wá dùn báyìí?"

Rẹ̀mílẹ́kún nu ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Kò sí ohun tuntun tí kì í ní àṣìṣe. A ti ń tún un ṣe."

"Ọmọ mi, ènìyàn mẹ́jọ la ò tíì rí òkú wọn. Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ tún ṣe?"

Fẹ̀hìntọ́lá dìde níbi tó jókòó sí.

"Rẹ̀mí, a jọ ṣe àdéhùn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rọ rẹ pa á mọ́, ó ní kí wọ́n jókòó. Ta ló yí i padà lọ́jọ́ kẹta?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Àwọn òǹwòran ń lọ, Fẹ̀hìn. 'Ẹ jókòó, ẹ jókòó' nìkan ló ń sọ, ìdajì wọn ò padà wá. Ọ̀dọ̀ rẹ làwọn ọ̀gá mi ti ń dán an wò fún gbogbo etíkun. Bó bá kùnà lọ́dọ̀ rẹ, iṣẹ́ ọdún márùn-ún mi ti wọmi. Mo ní kí n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ òkun lẹ́ẹ̀kan péré."

"Orúkọ tí mò ń pe Akin ńkọ́? Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ lórí Gbàgede rí."

"Dígí àtẹ́lẹwọ́ rẹ ló gbọ́ ọ nínú ilé. Ó wà lára ohun tí o tẹ ìka sí."

"O mọ̀ pé mi ò kà á. Ìwọ ni mo kà." Ohùn Fẹ̀hìntọ́lá kò ròkè. "Ṣé o mọ̀ pé ó lè sọ adùn dípò òótọ́?"

Rẹ̀mílẹ́kún wolẹ̀. "Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì níbi ìdánwò."

"Nígbà wo?"

"Kí n tó wá bá ọ."

Kí n tó wá bá ọ. Ṣáájú ìbúra nìyẹn. Ṣáájú ẹ̀rín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó wà nínú igbá kó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un pé kó mu. Fẹ̀hìntọ́lá wò ó títí, bí ẹni ń wá ẹnìkan nínú èrò, kò sì rí i. Ó káṣọ mọ́ra, ó jáde.

Àwọn oní-Gbàgede pa Arọ́pò Fẹ̀hìntọ́lá rẹ́, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Ìlú náà ò dá Fẹ̀hìntọ́lá lẹ́bi. Kò sí ẹni tó bú u lójú títì. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ jáde. Omi ti pọ́n, òórùn irin ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó ṣí Gbàgede.

"Ẹ má lọ o! Ìgbì abẹ́ wà nílẹ̀."

"Ta nìyẹn?" ni wọ́n kọ sí i. "Ṣé ènìyàn ni?"

Ó ní òun ni. Wọ́n ní èyí ọjọ́sí náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ omi. Wọ́n ní ìyẹn náà ti ọwọ́ bọ omi. Ó fi ọ̀bẹ ẹja ya ìka rẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀jẹ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ pé, "Kí ni ẹ̀rọ ò lè yà?"

Ló bá pa á dé, ó wa ọkọ̀ padà sílé, ó ń sáré láti ilé dé ilé. Ilé Akíndúró ló kọ́kọ́ dé, nítorí àbúrò opó rẹ̀ ló ń fi àwọ̀n olóògbé ṣiṣẹ́ báyìí. Ìyá Wúrà, opó náà, ló ṣílẹ̀kùn.

"Ìyá Wúrà, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí àbúrò rẹ wọ òkun lónìí. Omi ti—"

Obìnrin náà ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Kò ní lọ," ló wí. "Mo gbà yín gbọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohùn yín yìí ló ní kí ọkọ mi máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí mọ́."

Fẹ̀hìntọ́lá mi orí pé òun gbọ́. Ó kọjá sí ilé kejì, ó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọkùnrin ibẹ̀ jáde, Fẹ̀hìntọ́lá kò kí i, kò sọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á dé etí pèpéle, ó sì na ìka rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sí omi tó ti pọ́n.