Ta Ló Ń Jí Iná Tábúlẹ́ẹ̀tì Aránṣọ?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Láti òwúrọ̀ ni mo ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iná inú rẹ̀ kò kúrò lójú kan!"

Aránṣọ ló ń bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan, tó yà kí wọn lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é. Inú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ni gbogbo àwòrán aṣọ tí aránṣọ ń rán wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ìyá tó ni ilé-ìwé àdúgbò ń bọ̀ wá yan aṣọ tí òun yóò rán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Bí kò bá rí àwòrán, ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn ló ń lọ.

"Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò ní bátìrì ló kú. Ó ní kí n gbé e wá kí òun tú u."

"Má tíì gbẹ́ sàréè fún un," Àǹtí dáhùn. "Ṣe é lójú mi bí o ṣe máa ń ṣe é."

Aránṣọ ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ki orí okùn kan bọ tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ki èkejì bọ ihò USB ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Àmì iná yọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí fẹ̀yìn ti àga, ó ń wò bí ológbò tó ń ṣọ́ eku.

Kò pẹ́, ọkọ aránṣọ ń kọjá lọ. Pa-á-dé ni wọ́n ń pè é nínú ilé, torí kì í rí ohun tó ṣí kó má pa á dé: ìkòkò, ilẹ̀kùn, títí kan ìwé táwọn ọmọ ń kà lọ́wọ́. Ó nawọ́, ó pa kọ̀ǹpútà dé, pà! Ó ń súfèé lọ.

Àmì iná pòórá.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Olè rèé o! Àbúrò mi, ìwọ lo ń jí iná ìyàwó rẹ!"

"Èmi kẹ̀? Mo ní kí kọ̀ǹpútà sinmi ni. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí."

Aránṣọ ti dé ẹnu ọ̀nà. "Mo máa ń bá a ní pípadé, mo rò pé àwọn ọmọ ni! Bàbá àwọn ọmọ, àánú yín fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún!"

"Bí o bá pa á dé, ó sùn nìyẹn," Àǹtí ṣàlàyé. "Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í fún nǹkan níná mọ́ tí wọ́n bá ti sùn. Bó tilẹ̀ lajú sílẹ̀, iná ihò yẹn kéré, bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi kún àgbá. Bí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì bá tún ń tàn, bó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ṣájà tó bá a wá ńkọ́?"

"Ó wà nínú páálí. Ẹ̀rù iná ògiri ń bà mí, kó má lọ jó o."

"Ìyàwó wa! O ra bàtà, o gbé e kọ́, o wá ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Ṣájà yẹn ló mọ ìwọ̀n iná tó ń fẹ́."

Wọ́n yọ ṣájà nínú páálí, wọ́n ki í bọ iná ògiri, wọ́n pa ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kó má tàn mọ́.

Nígbà tí ìyá onílé-ìwé dé, iná ti kọjá ìdajì. Ó wo àwòrán títí, ó tọ́ka sí aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó ní àpò méjì. "Èyí ni. Ìgbà wo lẹ máa wá wọn àwọn ọmọ?"

Ọkọ dúró létí tábìlì. Kọ̀ǹpútà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ dán an wò," ni ìyàwó wí.

Ó rọra lọ pa ìkòkò dé.

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó sọ pé bátìrì kú, ẹ wo ibi tí iná ti ń wá. Ṣájà tó bá tábúlẹ́ẹ̀tì yín wá ni kí ẹ máa lò. Bó bá di dandan kí ẹ lo kọ̀ǹpútà, ẹ má jẹ́ kó sùn, kí ẹ sì pa ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ má so tiyín mọ́ kọ̀ǹpútà ẹni tí ẹ kò mọ̀: okùn tó ń gbé iná wọlé lè kó àṣírí yín jáde. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá bi yín bóyá kí òun gba irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ láyè láti wo ohun inú òun, ẹ ní rárá.

Kí ẹ sì bá Pa-á-dé ilé yín sọ̀rọ̀.