Sẹ̀gilọlá Sá Obì Sóòrùn

Sẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Sẹ̀gilọlá jí ní Òṣogbo. Kò jí nílé wọn.

Ilé wọn wà lóko kòkó, níwájú Iléṣà. Níbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Yèyé rẹ̀ á fi oríkì pè é.

"Àpìkẹ́! Àpìkẹ́ mi! Ṣé o ti jí?"

"Mo ti jí, Yèyé!"

Ní Òṣogbo, Sẹ̀gilọlá jókòó sórí ẹní. Ó dúró. Ó tún dúró.

Kò sẹ́ni tó pe Àpìkẹ́.

Àná ni Bàbá rẹ̀ mú un wá. Wọ́n wọ lọ́rì onípákó. Lọ́rì ń mì gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n, títí wọ́n fi dé.

Yèyé lóyún. Oyún náà ti tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Kò lè máa sáré tọ ọmọ kiri. Bàbá ń kórè kòkó láti àárọ̀ dalẹ́.

Ni wọ́n bá mú Sẹ̀gilọlá wá sọ́dọ̀ Ìyá. Ìyá ló bí Yèyé. Òun nìkan ló ń gbé inú ilé rẹ̀.

Kí Bàbá tó padà lọ, ó lóṣòó síwájú Sẹ̀gilọlá.

"Má sunkún. Tí kòkó bá ti gbẹ tán, mo ń bọ̀ wá mú ọ."

Sẹ̀gilọlá mọ bí kòkó ṣe ń gbẹ. Wọ́n á sá a sórí ẹní, nínú oòrùn. Òun á máa wọ́ ẹsẹ̀ láàárín rẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ lè di ti òkè.

Wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ta ló ń bá wọn ṣe é báyìí?

Ìyá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fún un ní ògì gbígbóná. Ó ra àkàrà fún un. Ṣùgbọ́n Ìyá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Jẹun."

Sẹ̀gilọlá jẹun.

"Lọ wẹ̀."

Ó lọ wẹ̀.

"Má jáde sí títì."

Kò jáde. Ọ̀rọ̀ tán.

Rédíò kan wà lára ògiri. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà ń pè é. Ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa," ni rédíò wí.

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Dáadáa ni, sà. Ṣé ẹ mọ Bàbá mi?"

Rédíò ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Kò dáhùn.

Ọmọbìnrin kan ń gbé ilé kejì. Mùínàt lorúkọ rẹ̀. Ó ti tó ilé ìwé lọ. Ó na ọrùn wọ ojú fèrèsé.

"Ṣé ìwọ ni ará oko tí wọ́n mú wá?"

"Sẹ̀gilọlá ni mí."

"Ṣé ọ̀bọ wà lóko yín?"

"Ó wà."

"Ṣé ó máa ń bá yín jẹun?"

"Rárá o!"

"Kí ló dé? Ṣé ọbẹ̀ yín ò dùn ni?"

Mùínàt rẹ́rìn-ín kèékèé. Aago ilé ìwé dún, gbaun, gbaun, gbaun! Ló bá sáré lọ.

Ilé tún dákẹ́. Sẹ̀gilọlá nìkan ló kù, àti rédíò.

Obì ni Ìyá ń tà. Ó ní yàrá kan tí òkùnkùn wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Ibẹ̀ lobì wà, nínú agbọ̀n. Ewé tútù ni Ìyá fi wé wọn.

Láràárọ̀, Ìyá á wọ ibẹ̀ lọ. Sẹ̀gilọlá yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá tú ewé. Obì pupa wà níbẹ̀. Obì funfun wà níbẹ̀. Wọ́n ń dán.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Ìyá wí. "Ṣé ẹ sùn dáadáa? Kòkòrò kankan ò wọlé tọ̀ yín?"

Obì ló ń bá sọ̀rọ̀! Ìyá ń bá obì sọ̀rọ̀, kò bá Sẹ̀gilọlá sọ̀rọ̀.

"Ìyá," ni Sẹ̀gilọlá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Obì ta nìyẹn?"

"Agbọ̀n ńlá, ti títà ni. Agbọ̀n kékeré yìí, ti ọmọ tí ìyá ẹ máa bí ni. Ọjọ́ ìkómọ la máa jẹ ẹ́."

Ìyá da ewé bò ó padà. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ Ajé lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. Ọjọ́rú lọ. Bàbá ò wá.

Tí kòkó bá ti gbẹ tán. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Sẹ̀gilọlá wá kòkó kiri. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí kòkó. Ó wo inú ilé ìdáná. Kò sí kòkó. Ó wo ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ nìkan ló wà níbẹ̀.

Kò sí kòkó rárá nílé Ìyá. Kí ló máa wá gbẹ?

Ó ro ó. Ó ro ó títí.

Ní Òṣogbo, obì ni wọ́n ní. Obì tutù. Kò tíì gbẹ. Ẹ ò rí i? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Bàbá ò fi tíì wá!

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá ru agbọ̀n ńlá lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè.

"Ìyá Mùínàt á máa yọjú sí ẹ. Má jáde sí títì."

Sẹ̀gilọlá dúró. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá mọ́.

Ó wọ inú yàrá òkùnkùn. Ó wọ́ agbọ̀n kékeré jáde, wọ́ọ́, wọ́ọ́, dé ẹ̀yìnkùlé. Ó tẹ́ ẹní. Ó tú ewé. Ó da obì sínú oòrùn, gbàràdà!

Ó bọ́ sáàárín wọn. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nílé.

Wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

Oòrùn mú ganrínganrín. Obì ò dán mọ́. Ó ń súnkì. Ó ń dúdú.

"Ó ń gbẹ!" ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ó ń gbẹ!"

Ó sáré lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo títì.

Lọ́rì kan ń bọ̀. Pó-pó! Ó kọjá.

Òmíràn ń bọ̀. Pó-pó! Òun náà kọjá.

Sẹ̀gilọlá ò dìde. Bàbá kì í parọ́.

Mùínàt ló kọ́kọ́ dé, láti ilé ìwé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ké.

"Yéè! Ta ní í sá obì sóòrùn?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ kó gbẹ."

"Obì tó bá gbẹ ti bàjẹ́ nìyẹn! Ará oko! Ìyá máa dá ẹ padà sóko yín!"

Ilé ni Sẹ̀gilọlá fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n lé òun lọ. Ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Obì ọmọ Yèyé ti bàjẹ́. Kí ni wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ ìkómọ?

Ó wọ inú yàrá òkùnkùn. Ó ká jọ síbi tí agbọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Ó fi ewé bo orí.

Ìyá dé. Sẹ̀gilọlá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró níbẹ̀. Ó pẹ́.

Ẹsẹ̀ náà wá ń bọ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí.

"Ta ló wà lábẹ́ ewé?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi."

"Kí ló dé tó o fi sá obì?"

Sẹ̀gilọlá bú sẹ́kún. "Bàbá ní... Bàbá ní tí kòkó bá ti gbẹ, òun á wá mú mi. Mo wá kòkó, mi ò rí. Obì nìkan ni mo rí."



Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbì! Ó ká ewé kúrò lórí Sẹ̀gilọlá. Ó fà á mọ́ra.

"Mi ò níí lé ẹ," ni Ìyá wí. "Èmi náà jẹ̀bi díẹ̀. Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ ń bá obì sọ̀rọ̀."

"Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí bàbá àgbà ẹ ti kú, obì nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Obì kì í dáhùn. Mo ti gbàgbé pé ọmọ máa ń dáhùn."

Ìyá fi etí aṣọ nu imú Sẹ̀gilọlá.

"Àpìkẹ́," ni Ìyá wí.

Sẹ̀gilọlá gbójú sókè. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Orúkọ wo? Èmi ni mo sọ ẹ́ ní Àpìkẹ́! Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni ẹ́ nígbà yẹn. O pá lórí bí ìgò. Ó yá, dìde. Iṣẹ́ wà."

Wọ́n kó obì wọlé. Ìyá wọ́n omi sí wọn lára, pàrà, pàrà. Wọ́n ń ṣà á.

"Kòkó ń fẹ́ oòrùn," ni Ìyá wí. "Obì ń fẹ́ òjìji. Tẹ èyí wò. Ó rọ̀, àbí? Ó ti lọ. Tẹ èyí. Ó le. Ó ṣì wà láàyè."

"Èyí ńkọ́, Ìyá?"

"Ìyẹn? Ìyẹn ti di òkúta."

Èyí tó bàjẹ́ pọ̀. Èmi ò níí sọ fún yín pé kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ tó dára, ó tó ìdajì agbọ̀n kékeré.

"Ìyá, báwo la ṣe máa mọ̀ tí kòkó Bàbá bá gbẹ?"

Ìyá mú ewé tuntun kan. "Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, a máa ń pààrọ̀ ewé obì. Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀. Tá a bá ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kòkó bàbá ẹ á ti gbẹ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, Ìyá kírun tán. Wọ́n tú ewé. Wọ́n ṣà á. Wọ́n fi ewé tuntun wé e.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, obì," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ẹ má bínú."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kejì, Mùínàt yọjú lójú fèrèsé. "Ṣé mo lè bá yín ṣe é?"

"Wọlé," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ṣùgbọ́n má sọ̀rọ̀ ọ̀bọ o."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kẹta, wọn ò tíì wé ewé tán. Lọ́rì kan ń bọ̀. Pó-pó!

Kò kọjá. Ó dúró.

"Bàbá!"

Sẹ̀gilọlá sáré jáde sí títì. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Kòkó ti gbẹ," ni Bàbá wí. "Yèyé rẹ sì ti bímọ. Ọkùnrin ni!"

Wọ́n wọ lọ́rì onípákó. Gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n, gbọ̀n-ọ́n. Ìyá náà ń bá wọn lọ. Sẹ̀gilọlá ló gbé agbọ̀n kékeré sórí itan. Kò jẹ́ kí oòrùn kàn án.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Bàbá Awóníyì, tó bí Bàbá, ló kọ́kọ́ mú obì. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Sẹ̀gilọlá di aṣọ Ìyá mú.

Bàbá Awóníyì gé e jẹ. Kẹ́!

"Obì yìí tutù dáadáa," ló wí. "Ta ló tọ́jú rẹ̀?"

Ìyá fi àgbọ̀n tọ́ka. "Ẹ bi Àpìkẹ́."

"Èmi àti Ìyá ni," ni Sẹ̀gilọlá wí.

Ìyá wẹ ọmọ tuntun fún ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ó di ẹrù rẹ̀.

Nǹkan kan wà ní etí aṣọ Ìyá, ó dì í ní kókó. Sẹ̀gilọlá tú u. Obì kan ni, ó dúdú, ó gbẹ, ó le bí òkúta.

"Èyí tí mo sá nìyí!"

"Òun ni. Òun ni màá máa bá sọ̀rọ̀ tí mo bá délé."

"Kò níí dáhùn, Ìyá."

"Mo mọ̀."

Sẹ̀gilọlá wo Yèyé. Ó wo ọmọ tuntun. Ó wo ẹní kòkó. Òfìfo ni.

Ó wọlé. Ó di aṣọ méjì sínú ìborùn Yèyé. Ó jáde.

"Bàbá, ẹ wá mú mi tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé. Mo fẹ́ bá Ìyá ṣa obì."

Yèyé sunkún díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kó máa lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ mọ́ ní Òṣogbo.

"Àpìkẹ́! Àpìkẹ́ mi! Ṣé o ti jí?"

"Mo ti jí, Ìyá! Ẹ káàárọ̀, Ìyá! Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ Yèyé máa ń sín bí ewúrẹ́?"

"Irọ́ ni!"

"Òótọ́ ni!"

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lára ògiri. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn.